Bí A Ṣe Gbé Ọkàn Múfútáù Lọ sí Íńdíà

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo Ìtòkú ń bi mí. "Ìyá Ṣàkírù, ẹ kú àjò o! Kí lẹ mú bọ̀ fún wa láti Íńdíà?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ kan ni mo mú bọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ awọ ló wà, lápá òsì àyà Múfútáù àbúrò mi, nísàlẹ̀ èjìká. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa, á ṣí bọ́tìnnì kí ẹ fojú rí i. Àmọ́ ìròyìn tí ẹ fẹ́ gbọ́, ti ọkọ̀ òfuurufú àti ilé gogoro, kò sí lẹ́nu mi. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín kó kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Sìdíkátù ni wọ́n ń pè mí. Àdìrẹ ni mò ń tà, òun ni ìyá mi tà, òun náà ni ìyá tó bí i tà. Ẹnu mi mú. Oníbàárà tó bá fa aṣọ mi ní ìfàkufà mọ ohun tí màá sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó yẹ kí n lo ẹnu náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa á mọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ síbí, inú ọjọ́ yẹn ló ti jáde.

KÚTỌ̀

Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì Kútọ̀ ni Múfútáù ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ara rẹ̀ le, oògùn ibà nìkan ló mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń dán jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan wò, ẹ̀rọ náà bú gbàù, òun náà sì ṣubú sẹ́yìn gbalaja. Kì í ṣe pé nǹkan kan bà á. Ìró yẹn lásán ni. Wọ́n ní ojú rẹ̀ yí sókè, kò mí mọ́. Àwọn onímọ́tò da omi lé e lórí, ẹnì kan fi ṣíbí há a lẹ́nu, ẹlòmíràn ń pariwo pé wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn, ó mí kanlẹ̀, ó dìde jókòó, ó ní, "Kí lẹ pé lé mi lórí fún?"

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, èmi, Màmá, àti Rísìkátù àbúrò wa, àbíkẹ́yìn Màmá. Dókítà tó gbà wá kò tíì dàgbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé ire ló ti jáde. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá kó tó jókòó. Ó lẹ wáyà mọ́ Múfútáù láyà, ẹ̀rọ kan sì ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Dókítà wo bébà náà pẹ́. Ó wá yíjú sí Màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹnì kan ti kú lójijì rí nínú ẹbí yín? Ọ̀dọ́, tí kò ṣàìsàn, tó kàn ṣubú?"

"Rárá o," ni Màmá wí. "Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́. Kò sí irú ẹ̀ nílé wa."

Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Èmi náà jókòó tì í, mo ń wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín báyìí. Màmá bí márùn-ún. Ganíyù ló tẹ̀lé mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni lọ́jọ́ Iléyá tí àwọn ọmọ àdúgbò yin bángà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣubú, kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, fóònù Sàlámọ́tù dún ní ìdájí, ó ta gìrì dìde lórí ẹní, ó wó lulẹ̀, ó tán. A ní ayé ni. A ní ọ̀tá ilé ni. Ẹ̀gbọ́n Bàbá kan tiẹ̀ wà tí a ò bá sọ̀rọ̀ títí ó fi kú, nítorí pé a ti fi ọ̀rọ̀ náà lé e lórí.

Nílé tiwa, bí ọ̀dọ́ bá kú, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Àwòrán rẹ̀ á wọ inú àpótí. Ẹni tó bá gbàgbé tó pe orúkọ náà, àwọn àgbà á ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, pé bí a bá ń pè é, a ń fọ̀nà ilé han ikú ni. Bí wọ́n bá bi Màmá léèrè iye ọmọ rẹ̀, á ní mẹ́ta, á tún ní kí Ọlọ́run dá wọn sí. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Bó ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn.

Dókítà mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé òun nìkan ni. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti kú bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ pátá ni ǹ bá yẹ̀ wò lónìí."

Bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Wáyà wà lórí tábìlì. Àyẹ̀wò náà ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Rísì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fíláàsì ògì dání, ó ń bá nọ́ọ̀sì kan ṣàwàdà nípa rírán aṣọ. Mo wò ó. Mo wo Màmá. Mi ò sọ nǹkan kan.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé iná kan wà nínú ọkàn ẹ̀dá tó ń mú un lù, pé ti Múfútáù máa ń pẹ́ kó tó padà sípò, pé bí ìró òjijì bá ká a mọ́ ibi tó ti ń pẹ́ yẹn, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó lù. Oògùn wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nílò ẹ̀rọ tí á máa ṣọ́ ọ, tí á gbá ọkàn náà padà sójú ọ̀nà. Àna wa kan ti gba irú ẹ̀ rí ní Chennai, ní Íńdíà. A ta ilẹ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ ní Kọ́bapẹ́. Wọ́n ní èmi ni kí n mú un lọ, torí pé ẹnu mi mú.

Rísì rán bùbá àdìrẹ méjì fún mi. Télọ̀ ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣíẹ̀lẹ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ọmọ kan ló bí, Àmínátù, ọmọ ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí à ń lọ, ó tún kọ́là mi ṣe, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ata pa yín o. Ẹ sì bá mi ra ẹ̀gbà ọwọ́ onígíláàsì bọ̀. Àwọ̀ ewé ni mo fẹ́, ẹ má ra pupa."

"Ṣé ọjà ni mò ń lọ ná?" ni mo dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ọ̀NÀ

Ohun tí mo rántí nínú ọkọ̀ òfuurufú kò ju èémí Múfútáù lọ. Bó bá sùn, màá fọwọ́ sí i nímú. Bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ pa gbà, màá di apá rẹ̀ mú. Ó sú u. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí lẹ̀ jàre. Àwọn èèyàn á rò pé ọkọ yín ni mí." Nígbà tí táyà ọkọ̀ náà gbá ilẹ̀ ní gbì, ọwọ́ mi ti wà láyà rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ọkàn náà ń lù. Mo sunkún díẹ̀, mo fi gèlè nu ojú.

Mo ti rò pé ilẹ̀ òkèèrè á tutù. Irọ́ ni. Ooru Chennai kò yàtọ̀ sí ooru Abẹ́òkúta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi òdòdó funfun kan sí irun, òórùn rẹ̀ ń dùn kiri nínú èéfín mọ́tò. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wò wá. Kì í ṣe ìwò ìkà. Wọ́n á dúró, wọ́n á wò wá láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Obìnrin kan fọwọ́ kan irun dídì mi, ó béèrè bóyá ó ń dùn mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ̀ wá pé kí a bá wọn ya fọ́tò. Múfútáù ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní òun náà di gbajúmọ̀ kí òun tó kú. Mo gbá a lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé ilé ìwòsàn, mo bi ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bóyá àbúrò mi á yè. Ó gbọn orí sọ́tùn-ún, ó gbọn orí sósì. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń pe Ọlọ́run. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré pé lé mi. Ó gbà wọ́n ní àkókò kó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni níbẹ̀ nìyẹn, pé ọkùnrin náà ní á yè ni. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì títí. Mo pe Rísì lórí fóònù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ata ńkọ́?" Mo ní ata wọn ò tó tiwa. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ kẹ́yìn.

ILÉ ÀMÁ

Ẹni tó gbà wá sílé jẹ́ opó kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyẹn ni ìyá lédè wọn. Ó ní yàrá kan tó ń fi gba àwọn tó bá wá ilé ìwòsàn. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára ju tèmi lọ, kì í sì í dákẹ́.

Àmá kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kò tiẹ̀ gbà kí ẹyin wọlé rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń bu oúnjẹ fún wa, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun bíi tiwa, ìyẹn sì tù mí lára. Ohun funfun kan wà tí wọ́n ń sè ní àárọ̀, ó jọ ẹ̀kọ tí ẹnì kan gbàgbé láti fi ewé dì. Mo jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ó da wàrà kíkan lé ìrẹsì gbígbóná mi lórí. Wàrà kíkan! Mo wò ó, ó wò mí. Múfútáù tọ́ ọ wò, ó sì gba tèmi mọ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bu gàrí Ẹ̀gbá fún Àmá kí èmi náà gbẹ̀san. Ó pò ó mọ́ wàrà kíkan rẹ̀, ó fi ṣúgà sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún béèrè.

Àràárọ̀ ló máa ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á wọ́n omi, á sì fi ìyẹ̀fun funfun ya iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, tí á fi àmì kéékèèké tò ó kó tó fi ìlà yí wọn ká. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìẹ ya aṣọ ẹlẹ́kọ nìyẹn, kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Mo bẹ Àmá kó fún mi ní ìyẹ̀fun díẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ya iṣẹ́ ìyá ìyá mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó, wọ́n ń gbọn orí. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àárọ̀ yẹn nìkan ni inú mi dùn nínú gbogbo ìrìn-àjò náà.

Lẹ́yìn èyí ni Àmá mú mi wọ pálọ̀ rẹ̀. Fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára ògiri, wọ́n fi òdòdó sọ́rùn rẹ̀, àtùpà kékeré ń jó lábẹ́ rẹ̀. Àmá dúró síwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè wọn, mo gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi ni, Kúmà," ló wí. "Mo ní kó wá wo iṣẹ́ tí o yà sẹ́nu ọ̀nà wa."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti kú. Ó pé ọdún méje. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ẹ sì ń dárúkọ rẹ̀? Ẹ ò bẹ̀rù?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ dáadáa. "Bí èmi ìyá rẹ̀ ò bá dárúkọ rẹ̀, ta ló máa dárúkọ rẹ̀?"

Mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀. Mo ṣí omi kí Múfútáù má gbọ́. Mo ní, "Ganíyù." Ọdún méjìlélógún rèé tí orúkọ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn. Mo ní, "Sàlámọ́tù." Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Omi kàn ń dà ni.

YÀRÁ DÓKÍTÀ

Ní ọjọ́ kẹfà tí a ti kúrò nílé ni dókítà àgbà pè wá. Obìnrin ni, irun rẹ̀ ti funfun, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó wo bébà Múfútáù, ó sì béèrè ohun tí wọ́n bi wá ní Abẹ́òkúta, bí ẹni pé inú ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ti kà á. Múfútáù wo ojú mi.

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí, pẹ̀lú bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kò bú mi. Ó mú bébà funfun kan, ó ya Bàbá àti Màmá sókè, ó fa ìlà, ó sì ya àwa márùn-ún sísàlẹ̀, onígun mẹ́rin fún ọkùnrin, òbìrípo fún obìnrin. Ó fi dúdú kun Ganíyù. Ó fi dúdú kun Sàlámọ́tù. Ó kun ìdajì Múfútáù. "Bángà," ló wí, "fóònù, jẹnẹrétọ̀. Ìró òjijì ni gbogbo wọn." Ìdílé ló ń bá rìn, ó ní, inú ẹ̀jẹ̀ ni, kò kan ọ̀tá kankan. Mo rántí ẹ̀gbọ́n Bàbá tí a ò kí títí ó fi kú. Ojú tì mí.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ èmi náà lọ́jọ́ yẹn. Ó fi tèmi wé ti Múfútáù, ó fi ìka hàn mí: bí òkè kékeré tó kẹ́yìn ṣe pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí bébà tirẹ̀, tí tèmi sì tètè wálẹ̀. Tèmi dára. Mi ò dúpẹ́, nítorí pé ìka rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó ti wà lórí òbìrípo tó kẹ́yìn, tí kò kùn.

"Èyí ńkọ́?"

"Rísìkátù. Ó wà nílé."

"Ẹ pè é. Lónìí. Kó lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Oògùn wà fún un tí kò wọ́n."

Mo pè é láti ẹnu ọ̀nà. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo pe Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pé mo ti dárúkọ wọn, kó dárí jì mí, pé Rísì gbọ́dọ̀ lọ síbi àyẹ̀wò lọ́la, kò gbọdọ̀ dọ̀tunla. Màmá dákẹ́. Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Rísì dà?"

"Ó lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ gbaṣọ."

"Ẹ sọ fún un, ẹ jọ̀ọ́."

"Màá sọ fún un."

Ojoojúmọ́ ni mo ń pè. Fóònù Rísì ti bọ́ sómi, ni wọ́n wí. Rísì sùn. Rísì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. "Ṣé ẹ ti sọ fún un?" "Mo ti sọ fún un." Lọ́jọ́ kan Àmínátù ló gbé fóònù. "Àǹtí, Màámi lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀." Mo ní ìgbà wo ló máa dé. Ó ní, "Wọn ò tíì sọ fún mi." Ẹnì kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún olóríkunkun yẹn pé bí mo bá dé tí kò tíì lọ, ẹsẹ̀ mi ni màá fi gbá a dé ilé ìwòsàn. Mo bú u dáadáa. Múfútáù ní kí n rọra, pé bí télọ̀ bá níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í gbọ́ tẹnìkan.

Wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí i láyà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó jí, ó tẹ́ ọwọ́ síbi tí wọ́n dì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ní jẹnẹrétọ̀ tèmi. Bí wọ́n bá múná lọ, fúnra rẹ̀ ló máa tan." Dókítà kìlọ̀ fún wa pé bó bá ṣiṣẹ́, á dà bí ìgbà tí ẹṣin ta èèyàn nípàá, kí a má bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa bọ̀, Àmá mú mi lọ sọ́jà, mo ra ẹ̀gbà ọwọ́ onígíláàsì méjìlá. Àwọ̀ ewé. Mo fi aṣọ méjì wé e kó má fọ́, inú àpò ọwọ́ mi ni mo gbé e sí.

ÌTÒKÚ

Ọ̀sán la wọ Abẹ́òkúta. Múfútáù ń fi Kọ́bapẹ́ hàn mí láti ojú fèrèsé, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ Bàbá wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a kọjá Kútọ̀, ó yọ orí síta, ó ń juwọ́ sí àwọn onímọ́tò. Mo rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n wo ibòmíràn. Mo ní bóyá oòrùn ló wọ̀ wọ́n lójú.

Ìsọ̀ Rísì tì pa. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ti ń pariwo láti ìta. "Olóríkunkun dà? Jáde wá gba ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ!" Àwọn obìnrin jókòó sórí ẹní lójúde wa. Wọ́n dìde. "Ẹ kú àjò o," wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àpò ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa, jáde wá. Ó di Múfútáù lápá mú, ó mú un jókòó. Ó ní kí wọ́n bu omi fún wa. A mu omi. Ó wá ní, "Sìdí, sùúrù. Múfútáù, ìwọ náà, ṣe bí ọkùnrin. Ìyá Àmínátù ò sí mọ́."

"Níbo ló lọ?" ni mo bi í. Ọlọ́run ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo sọ.

"Ọjọ́ kẹrin tí ẹ lọ. Táyà bẹ́ lọ́dọ̀ fọganáísà ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Ó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn obìnrin wá ki igbe bọlẹ̀. Múfútáù fẹ́ dìde. Ó na ọwọ́ síwájú, ojú rẹ̀ yí, mo sì mọ ohun tí mò ń wò. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ara rẹ̀ fi fò lórí àga, bí ẹni tí nǹkan ta nípàá láyà. Ó balẹ̀. Ó mí. Ó ń wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ta mí," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ta mí." Ó wá ń sunkún bí ọmọdé.

Bàbá Kékeré sáré dì í mú. "Ṣé ẹ rí i báyìí?" ló wí. "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. A ní kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wọlé." Òótọ́ ló sọ. Tí wọ́n bá sọ fún wa ní Chennai kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sí i, òkú méjì là bá sin. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì kórìíra gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, mo kórìíra ara mi jù wọ́n lọ.

Màmá wà ní yàrá. Kò sunkún, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo dúró lé e lórí, mi ò kúnlẹ̀ kí i, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti sọ fún un. Lójoojúmọ́ ni ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ fún un," ni Màmá wí. "Bí o bá ti pè tán, màá lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Mo ní, Rísìkátù, ẹ̀gbọ́n ẹ ní kó o lọ yẹ ọkàn ẹ wò. Mo sọ fún un lójoojúmọ́."

Mo jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Lẹ́yìn àdúà ogójì, a mú Àmínátù lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà kan náà ló gbà wá. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Àmínátù fi ẹ̀gbà ọwọ́ méjìlá náà sọ́wọ́, wọ́n tóbi jù fún un, wọ́n ń yọ́ sísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì bá a bọ́ wọn kó tó lẹ wáyà mọ́ ọn. Ó ń wo òkè ilé, ó ń ka iye pátákó tó wà níbẹ̀.

Bébà jáde. Kí dókítà tó gbé e sókè ni mo ti rí i. Òkè kékeré tó kẹ́yìn yẹn. Ó pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀.

Dókítà náà rí i. Ó tẹ́ bébà náà sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ nà án, bí ẹni pé ó ká. Ó ní oògùn wà, tí ọmọ náà á máa lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí a mú gbogbo ohun tó ń dún lójijì kúrò nílé, òun á sì máa ṣọ́ ọ títí á fi tó ẹni tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ sí láyà bó bá di dandan. Ó mú kálàmù. Kò fẹ́ wo ojú Màmá.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo ti bi yín léèrè èyí rí. Ṣé ẹnì kan ti kú lójijì nínú ẹbí yín?"

Mo lanu. Màmá gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Mo bí márùn-ún. Ganíyù. Sàlámọ́tù. Rísìkátù, ìyá ọmọ yìí." Ó dúró kí dókítà kọ ọ́ tán. Ó tún wọn pè, ó rọra pè wọ́n, kó má baà ṣì wọ́n kọ.

Àmínátù yí orí pa dà lórí bẹ́ẹ̀dì, wáyà ṣì wà láyà rẹ̀.

"Màmá àgbà, ta ni Ganíyù?"

"Bùrọ̀dá ìyá ẹ ni," ni Màmá dá a lóhùn. "Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù." Lẹ́yìn náà ni ó tó sunkún.